Ojú Ìwé Tí Ọmọbìnrin Kàńtíìnì Kò Lè Kà

Ife tíì funfun mọ́kànlá ló wà nínú pálọ̀ mi ní Peckham, ní London, kò sì sí èyí tí mo fi ń mu tíì nínú wọn. Ife kàńtíìnì ni gbogbo wọn. Nígbà ogun àgbáyé kejì, àwọn obìnrin ìlú yìí ṣí kàńtíìnì fún àwọn ọmọ ogun, wọ́n ń fún wọn ní tíì àti búrẹ́dì, wọ́n ń tẹ dùùrù fún wọn, wọ́n sì ń bá wọn jó, láìgba kọ́bọ̀ fún iṣẹ́ náà. Mo tún ní épírọ́ọ̀nù méjì, tíkẹ́ẹ̀tì oúnjẹ, àti bébà ńlá kan tí wọ́n fi kéde ijó ọjọ́ Sátidé. Ọmọ mi obìnrin tó ń gbé ní Manchester ní pàǹtírí ni.

“Daddy, ẹ kó gbogbo dirt yìí dànù jàre, before council á fún yín ní notice.”

Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Ta ni pàǹtírí náà ń dí lọ́nà? Èmi nìkan ni mo wà nínú ilé.

Ọdún tí ìyàwó mi kú ni mo bẹ̀rẹ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì nídìí bọ́ọ̀sì tí mo ń wà, mo wá máa ń rìn lọ sí ọjà East Street torí kí n lè gbọ́ ohùn ènìyàn. Ọkùnrin kan tó ń ta ohun àlòkù níbẹ̀ ló fi ife àkọ́kọ́ hàn mí. Ó ní ọmọ ogun tí kò mọ ẹnikẹ́ni ní London lè wọ kàńtíìnì bẹ́ẹ̀, kí ẹnì kan jókòó tì í, kó sì bi í léèrè ibi tó ti wá. Mo ra ife náà kó tó sọ̀rọ̀ tán. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìlara ni mo fi rà á.

Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin ọlọ́jà yìí sọ fún mi nípa màmá òyìnbó kan ní Surrey Quays, tó ti sún mọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni màmá náà nígbà tí wọ́n ń gbé tíì ní kàńtíìnì, wọ́n sì ní ìwé kékeré kan tí àwọn ọmọ ogun ń kọ ọ̀rọ̀ ìrántí sí. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ. Mo bá a pé màmá ti kun àtíkè, wọ́n ti kun ètè, wọ́n ń retí mi. Mo béèrè iye tí wọ́n fẹ́ ta ìwé náà.

“Mi ò tà á,” màmá wí. “Wọ́n ní ọmọ Nàìjíríà ni ọ́. Bí o bá lè ka ojú ìwé kan fún mi, máa mú un lọ lọ́fẹ̀ẹ́.”

Wọ́n ṣí ojú ìwé náà fún mi. Yorùbá ni, láìní àmì kankan lórí, pẹ̀lú ìkọ̀wé tó gún régé bíi ti ọmọ ilé ìwé míṣọ́ọ̀nù.

“Ọmọ ogun òfúrufú ni,” màmá wí. “Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan péré ni mo rí i. Ó kọ ọ́, ó rẹ́rìn-ín, kò sọ ohun tó kọ fún mi. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni.”

Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: Ẹni yòówù tó bá lè ka èyí, jọ̀wọ́ bá mi sọ fún ìyá mi pé mo jẹun lónìí, n kò sì dá jẹ ẹ́. Ọmọ tó ni ìwé yìí jókòó tì mí títí mo fi jẹun tán. Lẹ́yìn náà ló kọ orúkọ agbo ilé wọn, ní ìlú kan lẹ́bàá Ìjẹ̀bú Òde.

Mo kà á tán sínú. Irọ́ tó dùn wà lẹ́nu mi: pé ó ní ẹ rẹwà, pé ó ní òun á padà wá. Ta ló máa mú mi? Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni ọmọ ogun yẹn rán. Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mi ò gbọ́ pé wọ́n ní ká pààrọ̀ iṣẹ́ náà. Mo sọ ọ́ bó ṣe wà.

Màmá gba ìwé náà, wọ́n pa á dé. Mo rò pé ìfẹ́ tí kò sí níbẹ̀ ló dùn wọ́n. Mo ṣì wọ́n rò.

“Mẹ́ta nínú àwọn ènìyàn yín wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e,” màmá wí. “Tábìlì mi ni wọ́n jókòó sí. Wọn ì bá ti kà á, kí wọ́n sì jẹ́ iṣẹ́ náà fún ìyá rẹ̀. Mo fi ìwé náà pamọ́, torí ojú ń tì mí kí wọ́n má lọ rí ohun tó sọ nípa mi.”

Dípò kí n tù wọ́n nínú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í de bọ́tìnnì kóòtù mi. Wọ́n na ìwé náà sí mi, wọ́n ní kí n máa lọ. Inú ń bí mi sí ara mi títí mo fi délé.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, mo lọ bá ọmọ ìlú náà kan tí a jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí, mo ka iṣẹ́ náà àti orúkọ agbo ilé náà fún un.

“Uncle, ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń gbé that same compound,” ó ní. “Ẹ jẹ́ kí n WhatsApp number wọn sí yín. But this thing ti pẹ́ o.”

Mo ní mo mọ̀ pé ó ti pẹ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló gbé fóònù nígbà tí mo pè, ó sì mọ ìtàn náà. Ọmọ ogun yẹn kò padà wálé, ìyá rẹ̀ sì ti kú tipẹ́. Ó ku àbúrò ọmọ ogun náà obìnrin kan ṣoṣo, tí etí wọn kò gbọ́rọ̀ dáadáa mọ́. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pariwo iṣẹ́ náà sí ìyá àgbà yìí létí, pé ẹ̀gbọ́n yín ní òun jẹun, pé ó ní òun kò dá jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde.

“Ṣé ẹni tó bá a jókòó ṣì wà láyé?”

“Wọ́n ṣì wà, mà.”

“Gbogbo ẹni tó bá ti òkè òkun dé ni ìyá wa ń bi bóyá ọmọ òun rí ẹni bá jẹun. Orí ìbéèrè yẹn ni wọ́n kú sí. Bá mi kí i, ọmọ mi. Sọ fún un pé iṣẹ́ náà ti dé. Lọ lónìí, má jẹ́ kó di ọ̀la.”

Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, kò tíì sí ẹni tó rán mi níṣẹ́ kankan. Mo jókòó, mo sunkún díẹ̀, mo wọ kóòtù, mo sì lọ dúró de bọ́ọ̀sì Surrey Quays.