Ìdáhùn Tí Adékọ̀yà Fún Máníjà

Ní Enugu lọ́dún 1984, ẹni tó bá rí Adékọ̀yà nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, pẹ̀lú okùn wúrà léjìká, á ní ayé yẹ ọmọ Ìjẹ̀bú yìí. Ẹ má dá a lóhùn. Awakọ̀ bàálù iléeṣẹ́ ni, ìyẹn ni pé ọjọ́ tí iléeṣẹ́ bá ti ń sunkún, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ di ti Ọlọ́run. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe páànù ìbolé ló gbà á. Bàálù kékeré kan ṣoṣo ni wọ́n ní, tí wọ́n fi ń gbé àwọn ọ̀gá lọ sí Èkó àti Kàdúná. Àwọn méjì ló ń wà á: òun àti Sírájúdéènì, ọmọ Ìsẹ́yìn, tó fi ọdún mẹ́sàn-án jù ú lọ, tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ ní bàálù náà. Ẹ̀gbọ́n ló ń pè é. Bí Sàbúrátù, ìyàwó Ẹ̀gbọ́n, bá se oúnjẹ Iléyá, ti Adékọ̀yà ló ń kọ́kọ́ bù.

Ni nǹkan bá dẹnu kọlẹ̀. Ìjọba ò fún iléeṣẹ́ níwèé láti kó irin wọ̀lú mọ́, ẹ̀rọ mẹ́ta nínú mẹ́rin dákẹ́. Wọ́n dá àwọn akọ̀wé dúró, wọ́n dá àwọn dírẹ́bà dúró, ọ̀rọ̀ wá kan àwọn tó ń fò lókè. Wọ́n ní awakọ̀ kan ṣoṣo ló máa kù, wọn ò sì sọ èwo. Folúkẹ́, ìyàwó Adékọ̀yà, wà nínú oyún, ilé iléeṣẹ́ ni wọ́n sì ń gbé ní Independence Layout. Bí iṣẹ́ bá bọ́, ilé náà bọ́ nìyẹn.

Ó ṣẹlẹ̀ pé nínú oṣù kìíní ọdún náà, Ẹ̀gbọ́n ń gbé ọ̀gá àgbà bọ̀ láti Èkó. Nígbà tó dé orí Emene, níbi tí pápá bàálù Enugu wà, eruku ọyẹ́ ti bo gbogbo ilẹ̀. Òfin iṣẹ́ wọn ni pé o lè sọ̀kalẹ̀ dé ìwọ̀n gíga kan sí ilẹ̀. Bí o kò bá rí ilẹ̀ níbẹ̀, o gbọ́dọ̀ gòkè padà. Ẹ̀gbọ́n gòkè padà, ó gbé wọn lọ sí Port Harcourt. Ọ̀gá pàdánù ìpàdé ńlá kan, ó sì di ọ̀rọ̀ náà sínú.

Nínú oṣù kẹta, máníjà ránṣẹ́ pe Adékọ̀yà. Kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀ rárá.

"Ká ní ìwọ lo wa bàálù lọ́jọ́ ọyẹ́ yẹn, ṣé wàá balẹ̀?"

Adékọ̀yà mọ̀ pé kò sí ọmọ èèyàn tó lè balẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó tún mọ ìdáhùn tí wọ́n ń wá. Ó rántí oyún Folúkẹ́.

"Màá balẹ̀, sà."

Irọ́ gbuu! Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ìwé ìdádúró dé ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n. Ó kó ẹbí rẹ̀ kúrò nílé iléeṣẹ́ ní GRA lọ sí yàrá méjì ní Ngwo, lórí òkè lẹ́yìn ìlú. Ọjọ́ tó ń lọ, ó bọ Adékọ̀yà lọ́wọ́, ó ṣàdúrà fún un. Àdúrà yẹn gan-an ló dá egbò sí Adékọ̀yà lára. Láti ìgbà náà, bó bá ti jókòó sínú bàálù, ojú ń tì í láti wo àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí Ẹ̀gbọ́n ti kọ́ ọ níṣẹ́. Kò gba ọ̀nà Ngwo mọ́.

Iléyá dé. Sàbúrátù ránṣẹ́ oúnjẹ wá sí Independence Layout, abọ́ tó kún dé ẹnu. Adékọ̀yà ṣí abọ́ náà, ó tún bò ó padà. Ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó wakọ̀ gun òkè Ngwo lọ.

Ó bá Ẹ̀gbọ́n lẹ́yìnkùlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì jẹ́wọ́ ohun gbogbo láìfi ohunkóhun pa mọ́.

"Wọ́n bi èmi náà léèrè," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Wọ́n ní bó bá jẹ́ ìwọ, ṣé wàá balẹ̀. Mo ní rárá, wàá yí padà, torí èmi ni mo kọ́ ẹ."

Adékọ̀yà bú sẹ́kún. Ó ní òun ń lọ bá máníjà lọ́la, òun á sọ òtítọ́. Ẹ̀gbọ́n ní kó má wulẹ̀ lọ, wọn ò ní torí ìyẹn pe òun padà, wọ́n á kàn lé Adékọ̀yà náà ni.

"Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ń bọ̀," ló wí. "Ọ̀gá á jókòó sẹ́yìn rẹ, á ní kí o balẹ̀, torí o ti ní o lè ṣe é. Kí lo máa ṣe?"

"Màá yí padà, Ẹ̀gbọ́n."

Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́ mú kẹ́tù omi rẹ̀.

"Ó wù mí kí n gbà ọ́ gbọ́," ló wí, ó sì dìde lọ ṣe àlùwàlá.