Iṣu Tí Mo Gbé Lọ sí Bódìjà

Mo ń fi aṣọ gbígbẹ nu yẹ̀pẹ̀ kúrò lára iṣu kan nígbà tí wọ́n pe ìrun àárọ̀ ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ṣakí. Ìyá mi ní n kò gbọdọ̀ fi omi fọ̀ ọ́. Mo bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀, wọ́n ní bí àwọn ṣe bá a nìyẹn.

Láti oṣù keje ni iṣu tuntun ti wà lọ́jà, ṣùgbọ́n Ìyá kì í fẹnu kàn án. Ní ilé wa, ó di ìgbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí àkọ́bí ọkùnrin bá gbàdúrà sí iṣu kan láti oko wa, tí ó sì kọ́kọ́ bù ú jẹ. Bàbá wa ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ikú wọn, ó kan ẹ̀gbọ́n mi, Bùọ̀dá Adéwálé, tí wọ́n ń gbé ní Bódìjà n'Íbàdàn. Ọdọọdún ni wọ́n ń wálé fún un. Lọ́dún yìí wọ́n ní àwọn ò ráyè. Ìyá bá ní kí n gbé iṣu náà lọ bá wọn. Iṣu èṣí ti tán, ẹ̀bà ni Ìyá ń jẹ lójoojúmọ́, wọn ò sì fẹ́ràn ẹ̀bà rárá.

Ọkọ̀ kún kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Owó ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì èyí tí mo san kẹ́yìn. Awakọ̀ wo àpò tó wà lẹ́sẹ̀ mi.

"Màmá, kí lẹ gbé?"

"Iṣu ni. Bódìjà ni mò ń gbé e lọ."

"Ẹ̀ ń gbé iṣu lọ Bódìjà, níbi ọjà iṣu? Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ kúkú bá wa bu omi wá sódò Ògùn!"

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì fi ẹsẹ̀ fa àpò mi mọ́ra.

Títí dé Ìsẹ́yìn, koríko ẹ̀bá ọ̀nà ti ń pọ́n, mo rò pé òjò ti lọ. A kọjá Mọ́níyà, ọ̀nà dán geere, ṣùgbọ́n bí mo ṣe sọ̀ ní Òjòó ni òjò ńlá bẹ̀rẹ̀. Mo wọ máíkírà, takisí kékeré tí wọ́n ń wọ̀ níbẹ̀. Ní Àgbowó omi ń ṣàn lójú títì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ká ṣòkòtò sókè. N kò wá mọ̀ mọ́ bóyá ìgbà òjò la wà tàbí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀gbọ́n mi, ẹlégédé kan ni mo kọ́kọ́ rí. Wọ́n ti gbẹ́ inú rẹ̀ kúrò, wọ́n gbẹ́ ojú àti eyín sí i lára, wọ́n sì gbé àbẹ́là sínú rẹ̀. Tómi, ọmọ ọmọ wọn obìnrin, ní iṣẹ́ iléèwé òun ni.

"Àwọn òyìnbó ló ni ín," Bùọ̀dá ṣàlàyé. "Tí òtútù wọn bá ń wọlé bọ̀, tí ewé ń rẹ̀ dànù, wọ́n ní òkú máa ń padà wá sílé. Ìyẹn ni wọ́n fi ń dẹ́rù ba àwọn òkú náà."

Mo wo igi máńgòrò iwájú ilé wọn. Ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀.

"Bùọ̀dá, òkú wo ló ń bọ̀ ní Bódìjà?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. Mo bi Tómi pé ta ló jẹ inú ẹlégédé náà.

"A dà á nù ni, Màmá Ṣakí."

Ìyàwó wọn, Ìyá Bọ́lá, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, se iṣu náà, ó gbé e wá, ṣùgbọ́n kò gbé e síwájú ọkọ rẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ má bínú. Ìtọ̀ ṣúgà ń yọ wọ́n lẹ́nu. Dókítà ní wọn ò gbọdọ̀ jẹ iṣu."

"Bíńtín ńkọ́?"

"Bíńtín kẹ̀? Bíńtín-bíńtín tí wọ́n ń wí náà ló gbé wọn dé ọsibítù!"

A kò gbọ́ ní ilé. Lórí fóònù, "Kò séwu" ni Bùọ̀dá máa ń wí. Ìgbà náà ni mo tó rí i pé ọrùn ẹ̀wù wọn ti fẹ̀ jù wọ́n lọ.

Bùọ̀dá mú ègé iṣu kan, wọ́n gbàdúrà sí i pé ẹ̀mí wa á ṣe ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀, wọ́n sì fi í sẹ́nu Tómi.

"Sọ fún Ìyá pé mo jẹ ẹ́," ni wọ́n sọ nígbà tí wọ́n ń sìn mí jáde lọ́jọ́ kejì.

Ní gbogbo ọ̀nà, n kò rí ọ̀rọ̀ náà tú. Bó bá jẹ́ àdúrà ni, àdúrà ti gbà. Bó bá jẹ́ jíjẹ ni, ọmọdé ló jẹ ẹ́, ọmọ tó ti ń jẹ iṣu tuntun láti oṣù keje. Bí mo bá sì parọ́, tí Ìyá jẹ ẹ́ lórí irọ́, kí ni wọ́n jẹ? Òjò tún pàdé wa ní Ìsẹ́yìn, níbi tí koríko ti ń pọ́n lánàá.

Ìyá jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Wọn ò tíì jẹ́ kí n sọ àpò kalẹ̀.

"Ó jẹ ẹ́?"

"Wọn ò jẹ ẹ́, Ìyá. Ìtọ̀ ṣúgà ni. Wọ́n gbàdúrà sí i, wọ́n fi sẹ́nu ọmọ ọmọ wọn."

Ìyá gba àpò lọ́wọ́ mi.

"Ó rù?"

"Wọ́n rù díẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n rẹ́rìn-ín dáadáa."

"Kí ló pa á lẹ́rìn-ín?"

Mo sọ ti ẹlégédé fún wọn. Wọn ò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n tún un sọ. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kejì, mo bi wọ́n pé ṣé a lè wá jẹ iṣu wàyí, tàbí kí a ṣì dúró.

"Lọ dáná," ni Ìyá wí. "Bí kì í bá ṣe ti iṣu, ta ni ì bá lọ bá mi wo ẹ̀gbọ́n rẹ?"