Ta Ni Bàbá Àwọn Ọmọ Tanímọ̀la?

Ẹni tó bá rí Káfíńtà níbi tó ti ń fá pákó ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí ó ń wọn igi ní àwọ̀ntúnwọ̀n kó tó fi ayùn kàn án, yóò ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kò sì parọ́. Ṣùgbọ́n kí onítọ̀hún dárúkọ àbúrò rẹ̀ létí rẹ̀, kí ó wá wo bí ojú rẹ̀ yóò ṣe ṣú bí òjò.

Bíríkìlà ni àbúrò náà. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, irú ajá kan náà ni wọ́n sì ń sìn: ajá ọdẹ elétí gbọọrọ tí bàbá wọn fi gbogbo ayé rẹ̀ tọ́jú. Nígbà tí bàbá kú, Káfíńtà ló jogún Tanímọ̀la, abo ajá, àti Fìwọ́nsílẹ̀, akọ tí wọ́n bí pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Bíríkìlà kò bá a du ogún. Ó lọ kọ́lé fún ẹnìkan ní ọ̀nà jíjìn, nígbà tó sì ń bọ̀, akọ ajá irú wọn ló fà lọ́wọ́. Gbajúmọ̀ ló sọ ọ́. Kò pẹ́ tí Gbajúmọ̀ fi gba ipò kìíní níbi ìdíje ajá, tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, tí ìyá wọn sì gbé fọ́tò náà kọ́ sára ògiri yàrá rẹ̀. Orí àga tí Káfíńtà kàn fún ìyá ni wọ́n dúró sí kan ìṣó rẹ̀.

“Ìyá mi ò gbé fọ́tò tèmi kọ́ rí,” Káfíńtà wí fún ìyàwó rẹ̀.

“Ẹ̀yin náà ẹ lọ díje,” ìyàwó rẹ̀ fèsì. “Tó bá jẹ́ ti etí ni, tiyín náà ò kéré.”

Nígbà tó tó àkókò tí Tanímọ̀la yóò gba akọ, gbogbo alájá ló gbà á nímọ̀ràn pé kí ó mú un tọ Gbajúmọ̀ lọ. Káfíńtà yarí. Kí òun ẹ̀gbọ́n wá máa kan ilẹ̀kùn àbúrò? Ó kúkú jẹ́ kí Fìwọ́nsílẹ̀ gun arábìnrin ara rẹ̀. Àwọn alájá a máa ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn kí ìrísí ìran ajá má bàa yí padà. Ìyẹn ni ó sì ń wí fún ẹni tó bá bi í léèrè. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Gbajúmọ̀ fo ọgbà wọlé, Káfíńtà sì fi ìgbálẹ̀ lé e jáde.

Tanímọ̀la bímọ. Àwọn ọmọ náà dàgbà, wọ́n ń sáré kiri ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, méjì nínú wọn a máa forí gbá ẹsẹ̀ tábìlì. Nígbà tó yá, ọ̀sán gangan pàápàá di òru fún wọn.

Káfíńtà mọ̀ pé abo ajá lè bí ọmọ bàbá méjì pọ̀. Ojú ẹsẹ̀ ló dá ẹjọ́ náà: Fìwọ́nsílẹ̀ ló ni àwọn tó ríran, Gbajúmọ̀ ló ni àwọn afọ́jú. Ẹ̀jẹ̀ àjèjì ló kó àbàwọ́n wọ ilé bàbá òun. Ó ń sọ ọ́ kiri, ó sì ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu.

Àsìkò náà ni dókítà ẹranko kan dé, obìnrin tó ń ṣe ìwádìí lórí ohun tó ń pa ojú irú ajá yìí. Ó ń fi òwú nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, ó sì ń gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára wọn.

“Ẹ gba ti ajá àbúrò mi náà,” ni Káfíńtà wí. “Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.”

Bíríkìlà bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé àgọ́ ọlọ́pàá lẹ fẹ́ gbé ajá mi lọ ni?”

“Ẹni tí ò jalè kì í sá fún ọlọ́pàá.”

Láti ọjọ́ náà ni Káfíńtà ti ń retí èsì bí ẹni ń retí ọmọ. Ó tilẹ̀ ti to ọ̀rọ̀ tí yóò fi ní kí ìyá wọn yọ fọ́tò náà kúrò.

Nígbà tí èsì dé, dókítà pe tẹ̀gbọ́n tàbúrò sí ọ́fíìsì rẹ̀. Káfíńtà kò jẹ́ kí ó jókòó tán. “Dókítà, ta ni bàbá àwọn tó fọ́jú?”

“Fìwọ́nsílẹ̀ ni, bàbá. Òun ló bí gbogbo wọn.”

“Fìwọ́nsílẹ̀ tó ń rí eku láti òkèèrè?”

“Ó ń ríran lóòótọ́. Jíìnì, ìyẹn ohun àjogúnbá inú ara, méjì ni ajá kọ̀ọ̀kan ní fún iṣẹ́ ojú yìí, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, èkejì á ṣe iṣẹ́ náà, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Ọ̀kan bàjẹ́ lára Fìwọ́nsílẹ̀, ọ̀kan bàjẹ́ lára Tanímọ̀la. Ẹ̀yin wá so wọ́n pọ̀. Ọmọ tó bá gba èyí tó bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ojú rẹ̀ á kú.”

“Gbajúmọ̀ ńkọ́?”

“Méjèèjì tirẹ̀ ló dára.”

Káfíńtà wo àbúrò rẹ̀ láti rí i bóyá yóò rẹ́rìn-ín. Bíríkìlà kò rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ni ó ń wò, àánú sì wà lójú rẹ̀. Ìyẹn ló gún Káfíńtà lọ́kàn jù.

“Tanímọ̀la ò wá gbọdọ̀ bímọ mọ́?” ó béèrè kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Ìran ajá bàbá wa parí nìyẹn?”

“Ó ṣì lè bí lẹ́ẹ̀kan sí i, kò tíì darúgbó tán. Akọ tí jíìnì rẹ̀ mọ́ ni kẹ́ ẹ fún un. Àwọn ọmọ kan lè gbé àbùkù náà sára, ṣùgbọ́n kò ní sí èyí tó máa fọ́jú. Nínú gbogbo akọ tí mo yẹ̀ wò ládùúgbò yìí, ẹyọ kan ṣoṣo…” Ó yí ojú sí Bíríkìlà.

Káfíńtà gbé e mì, kò lọ. Ó pọ̀ ọ́, kò jáde. Ó ń rò ó títí di ọjọ́ tí Tanímọ̀la tún tó gba akọ, tí ìyàwó rẹ̀ fi bi í léèrè: “Ẹ fẹ́ kí iṣẹ́ bàbá yín parí nítorí ilẹ̀kùn kan tẹ́ ẹ kọ̀ láti kàn?”

Ó fa Tanímọ̀la lọ́wọ́, ó lọ.

“Ajá rẹ ni mo bá wá,” ó wí fún Bíríkìlà lẹ́nu ọ̀nà, bí ẹni tí eyín ń ro.

“Ẹ̀gbọ́n mi, òun lẹ wá kí ni? Ẹ má wulẹ̀ kí èmi mọ́!”

“Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó ni akọ ló máa kọ́kọ́ yan ọmọ. Mo mọ òfin àwa alájá. Wàá yan tìrẹ.”

“Kí ẹ yan tiyín kí n tó yàn, ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n.”

“Mo ní wàá yàn!” Káfíńtà jágbe. Oore yẹn ni kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Tanímọ̀la bímọ, wọ́n dàgbà, wọ́n ń sáré nínú òkùnkùn láì gbá nǹkan kan. Bíríkìlà wá yan tirẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé èyí, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó gbé òmíràn. Abo kékeré kan wà níbẹ̀ tó jọ ajá bàbá wọn láti orí dé ìrù, tí Káfíńtà ti ń fún ní oúnjẹ lọ́tọ̀. Òun gan-an ni Bíríkìlà gbé sáyà.

Káfíńtà na ọwọ́ bí ẹni fẹ́ gbà á padà. Owú àtijọ́ ló tún sọ sí i. Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó sì ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù fún àbúrò rẹ̀.

“Fi aṣọ bò ó,” ó wí. “Ìta tutù.”