Obìnrin Tó Ní Kòkòrò Ń Fura

“Màmá, ẹ ya ẹnu.” Ohun tí obìnrin àyálégbé wa ní Sabonjida máa ń sọ nìyẹn, kó lè rí i pé mo gbé oògùn mì. Ọsibítù ló ti ń fi awò wo kòkòrò àrùn. Kò fọkàn tán mi. Èmi náà ò fọkàn tán an.

Egbò ẹsẹ̀ mi ń jẹrà, wọ́n fẹ́ gé ẹsẹ̀ náà.

Obìnrin náà ní, “Kápúsù díẹ̀díẹ̀ tẹ́ ẹ̀ ń lò ló ta kòkòrò lólobó. Ó ti rọ àdá tó fi ń gé oògùn náà wẹ́wẹ́.”

“Wàláhì, irọ́ ni. Ìfura loògùn àgbà.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Òun náà loògùn kòkòrò.”

Ó bá mi gba oògùn tí àdá yẹn ò ràn. Ẹsẹ̀ jinná. Síbẹ̀, títí dòní, n kì í dárúkọ oògùn sókè kí n tó gbé e mì.