Ojú Màámi àti Aṣọ Inú Gíláàsì

Òórùn aṣọ tútù lábẹ́ áyọ́ọ̀nù gbígbóná ni mo fi ń mọ òwúrọ̀ Sátidé nígbà tí mo wà ní kékeré ní Salford, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Manchester. Kí n tó lajú ni òórùn náà ti máa ń gun àtẹ̀gùn wá bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì, òun àti ìró ẹ̀rọ ìránṣọ Màámi tó ń sáré, tó ń dúró, tó tún ń sáré. Òjò a sì máa rọ̀ níta. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀, màá bá Màámi ní pálọ̀ níwájú fèrèsé, á ti fa kọ́tìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ bu omi lódò, ojú rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan abẹ́rẹ́.

"Àjíkẹ́ mi, o jíire bí?" á sọ bí mo bá ti kúnlẹ̀ kí i. "Wá bá mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́ yìí."

Títílayọ̀ lorúkọ mi, ṣùgbọ́n oríkì mi ni Màámi máa ń pè. Abẹ́òkúta ló ti kọ́ṣẹ́ aránṣọ kí Bàámi tó kó wa wá sí Manchester. Níbí, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń fún wọn lóúnjẹ, ṣùgbọ́n kò pe ìyẹn ní iṣẹ́ òun rárá. Bí ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì bá bi í pé kí ló ń ṣe, á ní, "Aránṣọ ni mí." Bàámi ní tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní ìhà Stretford, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé bó ṣe ń wọlé ni àwa ń jáde.

Ilé wa wà láàárín àwọn ilé bíríkì pupa tó fara mọ́ra bí eyín, ó sì tutù. Ní ọ̀sán Sátidé, bí Màámi bá ti pa ẹ̀rọ, á mú mi wọ bọ́ọ̀sì lọ sí mùsíọ̀mù kan níbi tí wọ́n kó aṣọ àtijọ́ sí inú gíláàsì. Ọ̀fẹ́ ni, ibẹ̀ sì móoru. Màámi kì í ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ àwọn aṣọ náà. Á dúró níwájú ọ̀kan, á tú u palẹ̀ lọ́kàn rẹ̀, á ní, "Wo èjìká yẹn. Ẹni tó rán an kò kánjú. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná." Lẹ́yìn náà ni yóò yíjú sí mi.

"Àwọ̀ wo ni ti ìṣẹ́tí ìsàlẹ̀ yẹn?"

"Búlúù ni, mà."

"Búlúù wo? Búlúù pọ̀ láyé. Sọ ibi tí o ti rí irú ẹ̀ rí."

Mo ronú títí, mo ní ó dà bíi súwẹ́tà ilé-ìwé mi tí wọ́n ti fọ̀ títí tó fi ṣá. Màámi rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ pa mí lórí, ó ní, "Mo ti rí i báyìí." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kó àwọ̀ jọ bí àwọn ọmọ kíláàsì mi ṣe ń kó sítíkà jọ. Mo kó ewé gbígbẹ tó lẹ̀ mọ́ ojú ọ̀nà. Mo kó epo mọ́tò tó dà sínú omi ẹ̀gbẹ́ títì, tó ń dán bí ọrùn ẹyẹlé, àti bíríkì tí òjò pa títí tó fi dúdú bí ẹ̀dọ̀. Bí mo bá délé, màá yà wọ́n sẹ́yìn bébà tí Màámi fi ń gé pátáànì. Mo rò pé ẹ̀kọ́ ló ń kọ́ mi. Ẹ̀kọ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń bi mí nítorí pé òun fúnra rẹ̀ kò rí i mọ́.

Ife tíì tó wà nítòsí ọwọ́ rẹ̀ ló máa ń tì ṣubú. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí ọmọdé bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, á kọlù ú, á sì máa bẹ ọmọ náà. Nígbà tí Bàámi ní kó lọ rí dókítà, ó ní kò sí ohun tó ṣe ojú òun, ojú ọ̀run ìlú yìí ni kò mọ́lẹ̀. Obìnrin yìí kan náà ló máa ń sọ fún mi, bí mo bá ń jìyà nǹkan kan ní ilé-ìwé tí mi ò wí, pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Mo wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Sístà Bùnmi, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, fẹ́ ṣègbéyàwó. Ó ní Màámi nìkan lòun fẹ́ kó rán aṣọ ìyàwó òun. Aṣọ funfun kan ni wọ́n mú wá, tí ojú rẹ̀ ń dán bí omi, tí òdì rẹ̀ ṣú. Màámi fi gbogbo agbára rẹ̀ sí i. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹun ní pálọ̀ títí aṣọ náà fi parí, ó sì ń kọrin sí i bí ẹní ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Ọjọ́ ìgbéyàwó, òjò rọ̀ láàárọ̀, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, oòrùn yọ. Àwa tí a máa ń gbàdúrà pé kí oòrùn yọ! Ìyàwó yí ẹ̀yìn sí wa láti wọ mọ́tò, gbogbo wa sì rí i: gbogbo aṣọ náà ń kọ mọ̀nà, àyàfi abala kan ní ẹ̀yìn rẹ̀ tó ṣú bí ojú fèrèsé tí wọn ò nù. Màámi ti rán òdì síta.

Ìyá ìyàwó, tó ti Èkó wá, pariwo. "Ìyá Títí! Ẹ wo ẹ̀yìn ọmọ mi. Ṣé ẹ ò ríran ni?"

Èébú ló fi sọ ọ́. Kò mọ̀ pé òótọ́ lòun sọ. Màámi sún mọ́ ìyàwó, ó mú aṣọ náà láàárín ìka méjì, ó fi ọwọ́ ra á. Ìka rẹ̀ ló sọ fún un. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù, òun tó dàgbà ju ìyàwó lọ dáadáa, ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Mi ò rí i."

Sístà Bùnmi fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Mummy Títí, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Aṣọ mi dáa." Ojú ló sì kọ sí ayàwòrán títí ilẹ̀ fi ṣú, kò tún yí ẹ̀yìn sí i mọ́. Títí di òní, mo máa ń gbàdúrà fún obìnrin yẹn.

Bí a ṣe ń rìn lọ sílé, Màámi gbé ọwọ́ lé èjìká mi, ó wúwo. A dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ó wá ní, "Òótọ́ ni ìyá yẹn sọ, Àjíkẹ́. Èmi ni mi ò fẹ́ gbà."

Dókítà ojú sọ fún wa pé ohun tí ojú rẹ̀ ti pàdánù kò ní padà wá. Oògùn tí yóò máa kán sí i kàn lè dá èyí tó kù dúró díẹ̀ ni. Ó bi í bóyá ẹnì kan nínú ẹbí rẹ̀ ní irú rẹ̀. Màámi rántí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, tí ojú rẹ̀ fọ́, tí gbogbo ilé ń sọ pé orogún ló fọ́ ọ. "Wọ́n lé orogún náà jáde nílé," ó sọ. Bàámi lọ dúró síwájú ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri bí ẹni tó ń kà á.

A ṣì lọ sí mùsíọ̀mù fúngbà díẹ̀. Ìgbà tó kẹ́yìn, ó dúró níwájú aṣọ kan, ó sì ní, "Sọ ọ́ fún mi pátá. Má fi nǹkan kan sílẹ̀." Yẹ́lò ni aṣọ náà. Mo sọ fún un pé kì í ṣe yẹ́lò ẹyin, kì í ṣe ti ọ̀gẹ̀dẹ̀, pé ó dà bí iná tó wà lẹ́yìn kọ́tìnnì ilé onílé ní ìrọ̀lẹ́ ìgbà òtútù, nígbà tí èèyàn bá ń kọjá lọ tí kò tíì délé tirẹ̀. Mo sọ bí apá rẹ̀ ṣe wú léjìká tó sì fún lọ́rùn ọwọ́. Mo sọ ti àwọn bọ́tìnnì, àti ibì kan tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ tí èèyàn kì í tètè rí. Màmá òyìnbó kan tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó ń wo ẹnu mi títí mo fi parí. Màámi di ojú rẹ̀ méjèèjì. Mo rò pé ó ń rí i.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń padà sílé ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, Màámi wà ní kíṣìnì, ó ń fọ abọ́ tó ti mọ́.

Àwòrán ara aṣọ ni mo ń yà jẹun lónìí. Yàrá iṣẹ́ mi wà nínú ilé-iṣẹ́ òwú àtijọ́ kan ní Rochdale, àwọn èèyàn sì máa ń bi mí níbi tí mo ti ń rí ìmísí. Mo máa ń sọ pé ojú títì ni, ògiri, òjò. Irọ́ kọ́. Mo máa ń gbé aṣọ mi lọ fún Màámi. Á fọwọ́ pa á, á ní, "Ó kúná. Ọlọ́run á bù sí i." Kì í bi mí nípa àwọ̀ mọ́, èmi náà kì í sì í sọ ọ́. Bàámi ló ń bá a kán oògùn báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò mọ́.

Ní ìgbà òtútù tó kọjá, wọ́n yẹ ojú tèmi wò, wọ́n sì bá àìsàn ojú Màámi níbẹ̀. Wọ́n ní mo tètè wá, pé ó ṣeé ṣe kí n ríran títí ọjọ́ alẹ́ mi. Mo dúpẹ́, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́.

Mo máa ń ronú kan ọmọ tí mo jẹ́, tó dúró níwájú gíláàsì lọ́jọ́ aṣọ yẹ́lò yẹn. Mo mọ iṣẹ́ jù ú lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Mo lè po àwọ̀ tí kò lálàá rẹ̀ rí, aṣọ mi sì wà lára àwọn tí mi ò mọ̀ rí. Ṣùgbọ́n ó gbà pé bí òun bá ti lè sọ ọ́ dáadáa tó, ìyá òun yóò ríran. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́, mi ò sì mọ̀ bóyá ọgbọ́n ni ìyẹn tàbí àárẹ̀.