Ikọ́ Tó Wà Lápá Òsì

Ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là di bọ́tìnì tó ń pín ohùn sápá òsì àti ọ̀tún lára ẹ̀rọ orin rẹ̀ mú, ó rọra yí i sí òsì, bí ẹni tó ń ṣí ìdérí ìgò oògùn tí kò fẹ́ kó dànù. Ó dúró, ó tẹ́tí. Ó tún yí i díẹ̀ sí i. Ìlà funfun tín-ín-rín kan wà lójú bọ́tìnì náà. Nígbà tó ra ẹ̀rọ yìí, òkè gan-an ni ìlà náà máa ń kọjú sí. Ní báyìí, ó ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn.

Agbẹ̀bí ni obìnrin yìí. Elétí-Ehoro ni wọ́n ń pè é nílé ìwòsàn, nítorí bí ọkàn ọmọ inú bá ń lù bí ẹni fi ìka kan ilẹ̀kùn nílé kejì, yóò gbọ́ ọ. Ìwo onígi kékeré kan ló ń lò. Yóò gbé ẹnu ìwo lé ikùn aláboyún, yóò gbé etí òsì lé ìdí rẹ̀. Etí òsì nìkan. Obìnrin tó kọ́ ọ níṣẹ́ sọ fún un pé etí kan ni kí agbẹ̀bí yàn kó sì dúró tì í, nítorí etí méjì a máa bá ara wọn jiyàn. Ẹ̀rọ oníná tó ń ka ìlù ọkàn wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni, ó sì máa ń gba ìsinmi ju àwọn òṣìṣẹ́ lọ.

Orin ni ìgbádùn rẹ̀. Kò ra ẹ̀rọ tuntun rí. Anpilifáyà yìí, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè, ọwọ́ Bàbá Onírédíò ló ti rà á, ọkùnrin tó ń tún àlòkù ṣe lẹ́yìn ibùdókọ̀. Iye tí èèyàn fi ń ra bàtà ló san. Sípíkà méjèèjì jẹ́ onígi, wọ́n ga dé orúnkún, òjò ti wú ìdí ọ̀kan kí wọ́n tó dé ọwọ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ fi gọ́ọ̀mù lẹ ìdérí ẹ̀rọ àwo. Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, kì í pe àwọn sípíkà náà lórúkọ mìíràn ju "àwọn ọkọ rẹ onígi" lọ.

"Ìyá àwọn ọmọ, àwọn ọkọ rẹ onígi ti jẹun?"

"Iná ni wọ́n ń jẹ. Wọn kì í béèrè ẹran."

Ṣùgbọ́n ọkọ náà a máa dákẹ́ tí orin bá bẹ̀rẹ̀. Ohùn kì í jókòó sínú àpótí. Àárín yàrá ló máa ń dúró sí. Àwo kan wà tí obìnrin náà fẹ́ràn jù, olórin kan pẹ̀lú gìtá méjì. Èèyàn á gbọ́ èémí olórin náà kó tó la ẹnu. Á gbọ́ awọ ìka tó ń fà lórí okùn gìtá. Kí orin kejì tó bẹ̀rẹ̀, lápá òsì, lọ́ọ̀ọ́kán, ẹnì kan á wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ikọ́ kékeré, bí ti ẹni tó fi ọwọ́ bo ẹnu. Kò gbọ́ ọ rí lórí rédíò tó ní tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ lórí ẹ̀rọ àlòkù yìí, ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó rò pé ọkọ òun ló wọlé. Láti ọjọ́ náà, ikọ́ yẹn ló ń jókòó dè ju orin lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, ó jókòó, ó ń retí ikọ́. Orin kejì bẹ̀rẹ̀. Kò sí ikọ́.

Ó gbé abẹ́rẹ́ padà. Kò sí. Ó nu àwo, ó nu abẹ́rẹ́, ó yí bọ́tìnì sí òsì títí kò fi ní ibi tí yóò yí sí mọ́.

"Wọ́n ti darúgbó," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Àbí èmi nìkan lo rò pé mo lè darúgbó nínú ilé yìí?"

Ó kó sípíkà méjèèjì lọ sọ́dọ̀ Bàbá Onírédíò, ìyẹn sì so wọ́n mọ́ ẹ̀rọ níwájú rẹ̀. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ti òsì, ó gbé e lé ti ọ̀tún.

"Nọ́ọ̀sì, ìbejì ni wọ́n. Wọ́n dọ́gba."

"Ti òsì ti ń kú lọ, Bàbá."

"Kò kú o. Ó le ju èmi tí mo dúró yìí lọ." Ó wo obìnrin náà, ó sì yára mú ojú kúrò. "Tí ẹ bá délé, ẹ yí àga yín padà. Ẹ kẹ̀yìn sí wọn. Bó bá jẹ́ sípíkà ni àìsàn wà, ibi tí sípíkà wà náà ni yóò dúró sí."

"Bí kò bá dúró síbẹ̀ ńkọ́?"

Bàbá Onírédíò bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà. "Ẹ kọ́kọ́ yí àga ná."

Nígbà tó délé, ó dúró kí ọkọ rẹ̀ jáde kó tó yí àga náà. Ó kẹ̀yìn sí orin, ó kọjú sí ògiri lásán. Sípíkà òsì wá bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Orin àkọ́kọ́ parí.

Ẹnì kan wúkọ́.

Ọwọ́ ọ̀tún ni, ketekete, bí ẹni pé olúwarẹ̀ dúró sí ìpàkọ́ rẹ̀. Ikọ́ náà kò tíì lọ síbi kankan. Ọwọ́ òsì, níbi tí sípíkà tó dára wà báyìí, ló wá ṣú, bí ìgbà tí wọ́n da aṣọ bò ó. Àìsàn náà ti bá a yí.

Kò lè dìde. Àwo parí, abẹ́rẹ́ ń họ ibi tí kò sí orin, ṣáà, ṣáà, kò sì lè dìde.

Ó rántí aláboyún kan tó wá láìpẹ́ yìí, tí òun wá ọkàn ọmọ inú rẹ̀ títí tí òun kò rí i. Arẹ́rìn-ín ló bá a rí i, agbẹ̀bí ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kì í lè sọ ọ̀rọ̀ kankan láìrẹ́rìn-ín. "Ọmọ ń bá Elétí-Ehoro ṣe bojúbojú!" Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà ni. Ẹ̀rín yẹn ti wá di òkúta nínú rẹ̀.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń rìn lápá òsì gbogbo èèyàn, kí ọ̀rọ̀ wọn lè bọ́ sí etí ọ̀tún. Bó bá jí, kó tó kí ọkọ rẹ̀, yóò fi ìka ra ìka lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Lọ́tùn-ún, ó ń dún bí iyanrìn. Lósì, kò sí nǹkan kan. Kì í ṣe pé wọn yóò gbé e lọ sídìí tábìlì káàdì, níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ aláìsàn, ló ń bà á lẹ́rù jù. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni ọmọ kan tí yóò máa pè é nínú lọ́hùn-ún, tí òun yóò sì gbé orí sókè, tí òun yóò ní kò sí nǹkan.

Ìrọbí mú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Nígbà tí Arẹ́rìn-ín bọ ìbọ̀wọ́, ọmọbìnrin náà kọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ yín dáadáa, ẹ̀ẹ́ máa rẹ́rìn-ín sí mi. Etí Àǹtí mi ni mo fẹ́. Òun ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Etí tó gbọ́ àlọ ni yóò gbọ́ àbọ̀."

Ẹ̀rọ oníná wà nínú ìsinmi rẹ̀. Elétí-Ehoro mú ìwo. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tutù débi pé ọmọbìnrin náà fò. Ó gbé etí òsì lé e.

Kò sí nǹkan kan. Ó sún ìwo. Kò sí nǹkan kan.

"Àǹtí, ṣé ó ń jó?"

Ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n rẹ̀: *Ó ń lù dáadáa.* Ó ti sọ ọ́ lójoojúmọ́ ayé rẹ̀, ẹnu rẹ̀ lè sọ ọ́ láìsí òun níbẹ̀. Ó gbé orí sókè. Ó rìn yí ìdí ibùsùn ká, ó bẹ̀rẹ̀ lódìkejì, ó sì gbé etí ọ̀tún lé ìwo, èyí tí kò gbọ́ ọkàn ọmọ kankan rí.

Ó gbọ́ nǹkan. Ó ń falẹ̀, bí ẹni tó ru ẹrù gun àtẹ̀gùn. Bóyá ọkàn ìyá ni? Ó di ọwọ́ ọmọbìnrin náà mú lọ́rùn ọwọ́. Ti ìyá ń sáré. Èyí kì í ṣe ti ìyá. Ó dúró kó yára bí ọkàn ọmọ ṣe máa ń yára. Kò yára.

"Arẹ́rìn-ín, wá gbọ́ eléyìí fún mi."

"Háà! Láti ìgbà wo ni ehoro ti ń yá etí lọ́wọ́ ìjàpá?"

"Etí òsì mi ò gbọ́ mọ́. Mi ò sì mọ ohun tí ọ̀tún ń sọ. Wá gbọ́ ọ."

Ọmọbìnrin náà ń wo ojú rẹ̀. Arẹ́rìn-ín bẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó nàró, nígbà tó sì nàró, kò sí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ pe dókítà," ó kígbe sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ẹ pè é kíá!"

Wọ́n ti ibùsùn náà jáde. Ọmọbìnrin náà nawọ́ sẹ́yìn, "Àǹtí, Àǹtí," títí ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ fi pa dé.

Ó dúró sídìí ilẹ̀kùn náà. Ó fi apá ọ̀tún ti igi, ó tẹ etí mọ́ ọn. Irin ń kan irin. Omi ń ṣàn. Ẹnì kan sọ nǹkan. Nígbà tó yá, ohùn kékeré kan fà, ó já, ó tún fà.

Arẹ́rìn-ín jáde, òógùn bo iwájú orí rẹ̀.

"Ó ké. O gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Ìyá ọmọ ń béèrè rẹ."

Ó yọ ìwo onígi kúrò lápò. Ó fi etí aṣọ iṣẹ́ nu ẹnu rẹ̀, ó nu ìdí rẹ̀, ó sì fi í sí ọwọ́ Arẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sí ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá wọn, láti lọ sọ ti etí rẹ̀.

"Níbo lò ń lọ?" Arẹ́rìn-ín pè é látẹ̀yìn, lápá òsì. "Elétí-Ehoro! Ò bá kọ́kọ́ wá wo ọmọ!"

Ó ń lọ. Kò yíjú.