Tábìlì Tí Kò Gbọ̀n

Ọgbọ̀n ọdún ni Ọ̀gá Ṣọ́ọ̀kì fi tún mọ́tò ìdíje ṣe. Bí mọ́tò bá ń sáré àsápajúdé, òun ló mọ bí a ṣe ń de ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ tí ara awakọ̀ ò fi ní gbọ̀n. Nígbà tó pé ọgọ́ta ọdún, wọ́n fún un ní aago ògiri, wọ́n ní kó lọ sinmi. Ìsinmi wo? Àjà ilé ló ń kà.

Bí ìyàwó rẹ̀ bá gbé àwo orin sórí ẹ̀rọ, tí ọkọ sì rìn kọjá, ilẹ̀ á mì, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ á fò, orin á sì já. Ọkùnrin náà gbé ẹ̀rọ náà sórí òṣùwọ̀n, torí ṣọ́ọ̀kì tó bá le ju ẹrù lọ kì í tẹ̀, èyí tó bá sì rọ̀ jù, jíjó ló ń jó. Ó fi irin, rọ́bà àti ṣọ́ọ̀kì kéékèèké kan tábìlì fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ó gbé ẹ̀rọ lé e, abẹ́rẹ́ ò sì fò mọ́.

Ló bá fi fóònù kéde fún gbogbo àdúgbò, láì fi àmì ohùn kankan sí i: "E wa ra tabili mi. Iyawo mi ti n lo o, ko gbon mo."

Ẹyin lọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè tábìlì. Ṣe ni wọ́n ń bá a kẹ́dùn.

"Bàbá wọn, èmi ni mi ò gbọ́n mọ́?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Gbọ̀n ni mo kọ, kì í ṣe gbọ́n!"

"Kí ló dé tí n óò fi máa gbọ̀n? Ṣé ibà ń ṣe mí ni? Bí ẹnikẹ́ni ò bá ra nǹkan yìí lọ́sẹ̀ yìí, ẹ kó irin yín kúrò ní pálọ̀ mi."

Bí irin bá lọ, iṣẹ́ wo ni ọkùnrin náà yóò tún rí fi ọwọ́ ṣe?

Lọ́jọ́ kẹta, tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì wá kí ìyàwó. Ó rọra fà á lọ́wọ́. "Ìyàwó wa, ṣé o ṣì mọ̀ mí?"

"Màmá Tíṣà, orí mi pé pérépéré! Ẹ wá wò ó." Ó gbé àwo sórí ẹ̀rọ. "Bàbá wọn, ẹ fò!"

Ọkọ fò. Ife inú kọ́bọ́ọ̀dù pariwo, olórin ò tilẹ̀ sinmi. Màmá Tíṣà so gèlè le, òun náà fò, tòun ti báàgì. Orin ń lọ.

Màmá ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ìgbà wo lẹ máa bá mi ṣe tèmi tán?"

Láti ìgbà tí ọkọ ti fẹ̀yìn tì, kò sẹ́ni tó bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Omi dé ojú rẹ̀.

"Lọ́la, mà."

"Ọ̀sẹ̀ méjì ni, mà," ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó sì lọ gbé irin rẹ̀ wá fún un.